Bí Mo Ṣe Ra Lẹ́ńsì Gígùn Lọ Wá Ojú Ìyá Ìkòsì

Ẹ̀yin ará Ìgbòho tí ẹ kí mi ní "ẹ kú àbọ̀" tí ẹ tún ń wo ọwọ́ mi bóyá búrẹ́dì wà níbẹ̀, mo dúpẹ́. Búrẹ́dì ti tán lọ́nà. Ìròyìn ló kù, òun náà ni mo sì fẹ́ pín fún yín, nítorí oríṣiríṣi ni mo ti gbọ́ lẹ́nu yín láti ìgbà tí mo ti dé. Àwọn kan ní mo lọ ra mọ́tò. Àwọn kan ní ọlọ́pàá gbá mi mú l'Ékòó. Irọ́ ni. Kámẹ́rà ni mo gbé lọ, kámẹ́rà náà ni mo gbé bọ̀, àfi pé imú rẹ̀ ti gùn sí i.

Bàbá mi ló rán mi. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, orí àga ìta yẹn ni wọ́n ń bá ọjọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, wà ní Ìkòsì l'Ékòó, níbi tó ti bá ọkọ lọ láti ìgbà èwe. Ìyá Ìkòsì là ń pè wọ́n nílé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí, wọ́n ní àwọn ti ń gbàgbé ojú ẹ̀gbọ́n àwọn. Wọ́n ní ohùn ṣì ń bọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí àwọn bá dijú, ojú kò wá mọ́. "Lọ bá mi mú ojú rẹ̀ wá," ni wọ́n wí. "Kó tóbi, kí n lè rí i dáadáa."

Iṣẹ́ yẹn ì bá rọrùn fún ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun bíi tèmi, àfi pé Ìyá Ìkòsì kì í ya fọ́tò. Àwọn ọmọ wọn gbìyànjú títí, wọ́n fi ìborùn bojú. Ọmọ-ọmọ kan gbé fóònù sókè, wọ́n gbá a lọ́wọ́. Wọ́n ní gbogbo àgbà tí àwọn ọmọ bá ti ń lé kiri pẹ̀lú kámẹ́rà ládùúgbò àwọn, ara ògiri ni àwọn máa ń padà rí i, pẹ̀lú "Ó dìgbóṣe" lókè orí rẹ̀.

Mo rò ó títí, mo wá sọ fún ara mi pé ẹni tí kò bá jẹ́ ká sún mọ́ òun, òkèèrè là á ti yà á. Lẹ́ńsì gígùn ló kù, irú èyí tí wọ́n fi ń ya agbábọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn pápá. Agbára mi kò ká èyí tó tóbi bí ìkòkò, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé tòkunbọ̀ tí ọwọ́ tálákà lè tó wà ní Kétu.

Ẹni tó gbé iṣu lọ sí Mile 12

Ọkọ̀ iṣu ni mo bá lọ. Bàbá mi di iṣu fún ẹ̀gbọ́n wọn, ìyá mi gbé wàrà lé e lórí, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́sẹ̀ níwájú kó má bàa pò mọ́ ti oníṣòwò. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 12 ni mo rí i pé iṣu tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà lóko gbogbo wa lọ. Obìnrin kan tó jókòó ti òkìtì tirẹ̀ wo ìdì mi, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Brọ̀dá, iṣu lẹ gbé wá sí Mile 12? Ṣé ẹ máa gbé omi lọ sí ọ̀sà náà ni?"

Mo ń wá ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilẹ̀ wà nínú ọjà yẹn. Tòmátò tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, ti ọdún yìí lórí ti èṣí, òórùn rẹ̀ sì ń bá èèyàn dé inú ilé. Àwọn alábàárù ń sáré bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, wọ́n ń ké "Hánya! Hánya!" Agbọ̀n ata kan gbá mi létí kó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ní kí n yà lọ́nà.

Sàkà ló wá pàdé mi. Ọmọ ìlú wa ni, ẹ mọ ìyá rẹ̀ tó ń ta adìyẹ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Fọ́tò lòun náà ń yà, ní Kétu, ó sì ti di ará Èkó débi pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè àkókò. Oúnjẹ tó kọ́kọ́ rà fún mi ni ìrẹsì inú ọ̀rá. Ẹran tó wà lórí rẹ̀ kéré débi pé ó wù mí kí n ti ra lẹ́ńsì ná kí n tó jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù ni ìkíni wọn. Nílé wa níbí, tí èèyàn bá kọjá níwájú ilé láìkí, wọ́n á béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ní Kétu, wọ́n ń kí ara wọn lórí ìrìn, kò sì sí ẹni tó ń dúró gbọ́ èsì. "Ẹ káàárọ̀ mà" á ti kọjá lọ kí mà tó yíjú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan lẹ́nu géètì ilé Sàkà. Kí n tó gbórí sókè, bàbá ti wọ kẹ̀kẹ́, ó ti lọ. Àyà ẹ̀wù mi ló dọ̀tí lásán. Mo sọ fún Sàkà pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ Aunty onílẹ́ńsì

Obìnrin tó ń ta lẹ́ńsì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó dojú kọ títì Ìkòròdú. Aunty ni gbogbo onífọ́tò Kétu ń pè é, ì báà ṣe ẹni tó bí irú rẹ̀. Àwọn onífọ́tò náà kún ibẹ̀, oníkálukú gbé lẹ́ńsì kọ́rùn. Ẹni tí tirẹ̀ gùn jù ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá, bí fọ́tò rẹ̀ tilẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n yà nínú èéfín. Ọ̀kan nínú wọn wo kámẹ́rà mi, ó wo lẹ́ńsì kékeré ẹnu rẹ̀, ó sì kí mi ní "ẹ pẹ̀lẹ́ sà" bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀.

Aunty kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó gùn jáde. Ó ń dán. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta kiri nínú gíláàsì rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn.

"Aunty, èyí ti bu nínú."

"Uncle mi, ìyẹn kì í hàn nínú picture."

"Tí búrẹ́dì bá bu, ṣé kì í hàn nínú ikùn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà. Inú èkejì mọ́, ṣùgbọ́n kò lè fúnra rẹ̀ wá ojú ohun tó fẹ́ yà lórí irú kámẹ́rà tèmi. Ọwọ́ ni kí n máa fi yí i títí yóò fi ríran. Mo ní kí n tó yí i tán, ẹni tí mo fẹ́ yà á ti lọ kírun, á ti dé. Ẹ̀kẹta ni mo mú. Ara rẹ̀ ti họ, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ mọ́, ó sì ń wá ojú ohun fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ohun tí kò ní ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbígbọ̀n ba fọ́tò jẹ́. Èyí tó ní in wà níbẹ̀ o. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkàn tèmi dúró.

"Ẹ máa fara ti ògiri," ni Aunty wí, "kẹ́ ẹ sì máa di èémí yín mú. Kí oòrùn wà, torí tẹ́ ẹ bá nà án tán, ojú ẹ̀ máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. Mi ò parọ́ fún yín, Uncle. Lẹ́ńsì aláìlówó, ẹni tó rà á ló máa ń ṣe wàhálà tó kù."

Mo jáde sí bàkóńì láti dán an wò. Mo nà án sí òdì kejì títì, mo rí obìnrin kan tó ń gé èékánná ọmọ rẹ̀, mo sì rí èékánná náà bó ṣe ta dànù. Obìnrin náà kò mọ̀ pé mo wà láyé. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó yọ ẹran nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Owó mi kò tó. Aunty nawọ́ sí lẹ́ńsì kékeré tó bá kámẹ́rà mi wá. "Ẹ fi ìyẹn kún un jàre. Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?" Mo yọ ọ́, mo fún un. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn onífọ́tò yà fún mi lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó kí mi ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan sì pè mí ní ọ̀gá.

Ẹyẹ kan ní Ìkòsì

Ilé Ìyá Ìkòsì ṣẹ́ kù sáàárín àwọn ilé tuntun tí wọ́n fi géètì sé, ilé àwọn àna wọn tó ni ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá ra ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Ìyá máa ń jókòó sí fàràńdà. Sàkà mọ ayálégbé kan nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí i.

Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ kí wọn. Sàkà ní ṣé orí mi pé báyìí?

"Tó o bá lọ kí wọn, wọ́n á bi ẹ́ níṣẹ́ tó ò ń ṣe, ìborùn nìyẹn. Kọ́kọ́ snap wọn, kó o wá lọ dọ̀bálẹ̀. Simple."

Ó jọ ọgbọ́n létí mi. Mo fi iṣu àti wàrà sílẹ̀ ní yàrá Sàkà ní Kétu, mo gbé kámẹ́rà nìkan.

Bí ayálégbé náà ṣe mú wa gun òrùlé pẹlẹbẹ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà tán, tí mo ń na lẹ́ńsì, ni onílé gòkè wá bá wa, bàbá kan tó wọ jalábíà, tí tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló rán yín wá wọn ilẹ̀ wa?"

Mo ní fọ́tò ni. Bàbá ní òun mọ̀ ọ́n, irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sí ilẹ̀ àbúrò òun kí katapílà tó dé. Sàkà dá sí i kíá. "Daddy, ẹ má bínú, ẹyẹ ni wọ́n wá yà."

"Ẹyẹ wo ló wà ní Ìkòsì?"

Bàbá fa àga, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rí i.

Ìyá Ìkòsì jáde. Mo na lẹ́ńsì dé ìparí rẹ̀, ojú wọn sì bọ́ sínú ojú mi. Ẹ̀yin ará ilé, ẹnu yà mí. Ojú bàbá mi ni. Imú yẹn, ìlà yẹn, bí ètè ìsàlẹ̀ ṣe yọ síta díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ronú. Omi bọ́ lójú mi lórí òrùlé onílé, n kò sì mọ ìgbà tí mo ti ń gbọ̀n. Mo fara ti ògiri. Mo di èémí mú. Mo yà, ó dà bí ẹni pé mo yà á láti inú omi. Mo tún yà, kẹ̀kẹ́ kọjá láàárín wa. Mo tún yà, mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kó agbọ̀n tòmátò, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Ẹyẹ náà ò tíì bà ni?" ni bàbá onílé bi wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ mọ ohun tí mo gbàgbé. Àgbà tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ á jókòó síwájú ilé, á sì rí ewúrẹ́ tó wọ oko olóko ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, á tún mọ ẹni tó ni ewúrẹ́ náà. Ìyá Ìkòsì gbọ́wọ́ síwájú orí. Wọ́n dìde. Wọ́n na ìka, ìka náà sì kún inú lẹ́ńsì mi.

"Ìwọ tó ń yọjú lókè yẹn! Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ara mi dì gbagidi. Ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n láti ìrọ̀lẹ́ dúró bí òpó iná, mo sì gbọ́ tí kámẹ́rà dún pá. Ẹ̀rù ló tẹ̀ ẹ́, èmi kọ́. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lójú, ìyẹn ló sì wá bà á jẹ́ tán, nítorí ojú mi wá hàn sí wọn.

"Ojú Àrẹ̀mú àbúrò mi nìyẹn! Ọmọ Àrẹ̀mú ni ẹ́! O wọ Ìkòsì, o ò wá kí mi, o lọ gun òrùlé?"

Gbogbo àdúgbò gbójú sókè. Àwọn tí kì í dúró dá ìkíni lóhùn dúró báyìí. Bàbá onílé wo Ìyá, wọ́n wo èmi, wọ́n ní, "Ẹyẹ yín ń pè yín."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ iwájú fàràńdà. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá wò mí dáadáa.

"Ará Ìgbòho," ni Ìyá wí, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ará Èkó ò mọ̀ ọ́n kí."

Mo ní Sàkà ló ní kí n kọ́kọ́ yà wọ́n, Sàkà ń wo ilẹ̀.

"Àrẹ̀mú ò lè rán ọ wá lọ́wọ́ òfìfo. Kí ló fún ọ wá?"

"Iṣu ni, mà. Pẹ̀lú wàrà."

"Ó dà?"

"Ó wà ní Kétu, mà."

"O gbé ìbọn yìí wá, o fi oúnjẹ mi sí Kétu."

Nígbà tí wọ́n ní kí n dìde tán, mo jẹ́ iṣẹ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe rán mi. Mo ní bàbá mi ti ń gbàgbé ojú ẹ̀gbọ́n wọn, pé tí wọ́n bá dijú, kò wá mọ́. Ìyá Ìkòsì ń fi ọwọ́ pa orúnkún ara wọn.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún," ni wọ́n wá wí. "Orúnkún ń dun èmi náà. Èmi ò rán oníkámẹ́rà sí i." Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àga wọn. "Ó dáa. Wá síbí, kó o yà mí. Ibí gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fẹ́ ẹni tó máa dúró lókèèrè máa ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá."

Ẹ wo bí oríire ṣe dé. Ìyá Ìkòsì tí kì í ya fọ́tò gbà, wọ́n tẹ́ ìborùn sí èjìká, wọ́n kọjú sí mi, mo sì gbé kámẹ́rà. Lẹ́ńsì kùn, ó jáde, ó wọlé, ó tún kùn. Kò rí nǹkan kan. Irú rẹ̀ kì í ríran nítòsí. Ó fẹ́ kí n padà sẹ́yìn dé ibi gọ́tà kó tó lè mú ojú wọn, lẹ́ńsì kékeré tí ì bá ṣe é sì wà lọ́wọ́ Aunty ní Kétu. Mo fẹ́ dìde, Ìyá fà mí lẹ́wù, mo jókòó. Mo tún fẹ́ dìde, wọ́n tún fà mí.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ríran nítòsí, mà. Òkèèrè ló ń rí."

Wọ́n wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ojú arúgbó ni wọ́n tà fún ẹ."

Sàkà yọ fóònù. "Mummy, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi snap yín sharp-sharp."

"Ìwọ lo kọ́ ọ pé kó má kí mi. Jókòó jẹ́ẹ́."

Wọ́n wá ní kí n fi èyí tí mo jí yà hàn àwọn. Gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́, àfi ọ̀kan. Ìyá gba kámẹ́rà, wọ́n nawọ́ dé ibi tí ọwọ́ wọn mọ, wọn ò rí i. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ìpẹ̀kun fàràńdà kí n sì jẹ́ kó tóbi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ara wọn: ẹnu yà sílẹ̀, ojú le, ìka nà síwájú. Mo ń múra ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Èyí ni kó o gbé lọ fún un. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tó bá bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sódò, báyìí ni mo ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pè é wálé." Wọ́n nu ojú. "Tí wọ́n bá sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ìbínú mi ni wọ́n á máa wò."

Lọ́jọ́ kejì mo gbé iṣu wá, àwa méjèèjì sì jọ jẹ wàrà tó ti ń kan díẹ̀. Wọ́n pín iṣu náà fún aládùúgbò, wọ́n sì ń sọ fún oníkálukú pé iṣu Ìgbòho gidi ni, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà ní Mile 12. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kan náà ló gbé méjèèjì wá, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò sí níbẹ̀.

Lórí àga ìta

Mo ti jẹ́ kí wọ́n tẹ fọ́tò náà fẹ̀ kí n tó wọlé. Bàbá mi gbà á, wọ́n nà án jìnnà sí ojú bí ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ṣe gẹ́lẹ́. Mo ti ṣètò àlàyé mi: pé lẹ́ńsì aláìlówó ni, pé ẹ̀rín wọn ni mo fẹ́ yà tẹ́lẹ̀. Wọn ò béèrè. Wọ́n ń wo ìka yẹn àti ẹnu tó yà yẹn, ètè ìsàlẹ̀ tiwọn náà sì yọ síta díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ohùn tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu wọn ké sókè: "Mò ń bọ̀ o!"

Ìyá mi sáré jáde láti ilé ìdáná. "Ta ló ń pè yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé o ò rí i ni? Ó ti pẹ́ tó ti ń pè."

Wọ́n gbé fọ́tò lé ìyá mi lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọ́n ń dìde. Mo na ọwọ́ láti gbá wọn mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ní kí n sáré lọ bi ọlọ́kọ̀ iṣu bóyá àyè ṣì wà níwájú.